Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Tó Ń Ta Bí Iná: Kí Ni Ewé Lè Ṣe sí Uric Acid?

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tó ń lọ sí Ẹdẹ tàbí Òṣogbo, oríta Sekona ni yóò ti já sí títì ńlá tó ti Gbọ̀ngán wá. Oríta kì í dákẹ́. Awakọ̀ ń pe èrò, ọlọ́kadà ń dúró de ẹni tó ń lọ sí abúlé, ọlọ́jà ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà lọ́wọ́. Níbi tí èrò bá sì ti ń sọ̀ báyìí nílẹ̀ Yorùbá, a kì í wá alágbo tì. Ìgò kan wà fún ibà, òmíràn wà fún jẹ̀díjẹ̀dí, òmíràn wà fún ẹ̀yìn ríro. Ti làkúrègbé náà kì í gbẹ́yìn, torí awakọ̀ tó jókòó sídìí ọkọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ àti àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè, kò sí bí oríkèé ò ṣe ní máa ro wọ́n.

Ìgò làkúrègbé yìí ló yẹ ká gbé sójú ìmọ́lẹ̀.

Nínú gbogbo ìrora tí àwọn èèyàn ń pè ní làkúrègbé, ọ̀kan wà tí àmì rẹ̀ yàtọ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún lọ sóde, ó jẹ ẹran, ó mu ìgò ọtí méjì mẹ́ta, ó sì sùn láìsí ohun tó ń ṣe é. Lóru, ìrora jí i. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó pọ́n, ó ń gbóná, ó ń ta bí ìgbà tí èèyàn tẹ iná mọ́lẹ̀. Aṣọ ìbora lásán bá kàn án, yóò ké. Nígbà tílẹ̀ bá mọ́, kò ní lè ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Àwọn ará ilé á máa wo ara wọn lójú, ẹnì kan á sì sọ ọ́ jáde pé ó ti tẹ nǹkan. Kò tẹ nǹkan kan. Ohun tó ń fìyà jẹ ẹ́ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Gout ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà, uric acid tó pọ̀ jù lára ló sì ń fà á.

Uric acid kì í ṣe májèlé, kò sì sí ẹni tí kò ní in lára. Èròjà kan tó ń jẹ́ purine wà nínú ẹran ara wa àti nínú púpọ̀ ohun tí à ń jẹ. Bí ara bá lò ó tán, á tú u palẹ̀, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀, pàǹtí tó sì kù ni uric acid. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń jẹ́ xanthine oxidase. Kí òǹkàwé di orúkọ yẹn mú, torí òun ni ewé àti oògùn òyìnbó jọ ń dojú kọ. Kíndìnrín ń da bí ìdá méjì nínú mẹ́ta pàǹtí náà sínú ìtọ̀, ìfun ń kó ìyókù jáde. Ọ̀pọ̀ ẹranko ní ẹ́ńsáìmù mìíràn, uricase, tó ń tún uric acid lọ̀ kúnná. Èèyàn ò ní in mọ́. Àwọn baba ńlá ìran èèyàn ti pàdánù rẹ̀ láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti po iyọ̀ sómi rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Iyọ̀ díẹ̀ á yọ́, a ò ní rí i mọ́. Bí a bá ń bù ú sí i ṣáá, yóò dé ibi tí omi ò ní lè gbà á mọ́, iyọ̀ á sì sọ̀ sí ìsàlẹ̀ ife. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni uric acid. Bó bá ti kọjá nǹkan bíi mílígíráàmù 6.8 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà, kò lè yọ́ tán mọ́. Á máa di wóró tíntìntín tó ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, á sì máa wá ibi tó bá tutù jókòó sí. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ jìnnà sí ọkàn, ó sì tutù ju àyà lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ara bá ká abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn mọ́bẹ̀, ogun tí wọ́n bá wọn jà ni wíwú àti gbígbóná yẹn.

Antonie van Leeuwenhoek, ará Holland, ti fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá rí àwọn abẹ́rẹ́ náà ní 1679, kò kàn mọ ohun tí wọ́n jẹ́ ni. Alfred Garrod, dókítà ní London, ló fi hàn ní 1848 pé uric acid pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní gout. Nígbà tó yá, ó wá ọgbọ́n kan tó rọrùn: ó bu omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú àwo, ó kán áásìdì díẹ̀ sí i, ó fi fọ́nrán òwú kan sínú rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Wóró uric acid á so mọ́ òwú náà bí iyọ̀ ṣe ń gbẹ mọ́ etí ìkòkò. Òwú lásán ni, àmọ́ ó sọ ìrora tí wọ́n ń méfò lé lórí di ohun tí ojú rí.

Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé uric acid rẹ̀ ga, oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á ní kó má jẹ ẹ̀wà, kó má jẹ ẹ̀fọ́, torí purine wà nínú wọn. Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Hyon Choi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston ṣọ́ ọkùnrin 47,150 fún ọdún 12, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Ọkùnrin 730 nínú wọn ni gout mú. Àwọn tó ń jẹ ẹran àti ẹja gan-an ló mú jù. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tó ní purine kò dá kún un rárá. Ẹni tó ní gout lè fi ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran sílẹ̀, kó dín ẹran pupa kù, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kó jẹ ẹ̀wà rẹ̀. Ó ń dunni láti rí aláìsàn tí ẹran ò tó lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún wá gba ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásán.

Kí ewé wo gout kì í ṣe nǹkan tuntun. Oògùn tó ti pẹ́ jù lọ nídìí àìsàn yìí, colchicine, inú ewéko ló ti wá. Òdòdó Colchicum ní Yúróòpù àti ìlà-oòrùn rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i, Alexander ará Tralles sì ti ń fi í wo oríkèé ríro ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Ní 1820, àwọn ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ ojúlówó èròjà náà jáde. Títí dòní ni dókítà ń kọ ọ́ fún ẹni tí gout ń bá jà lọ́wọ́. Kì í dín uric acid kù o; àwọn ọmọ ogun ara tó ń jà ló ń pẹ̀tù sí.

Ewéko mìíràn tó ní colchicine nínú ń hù nínú igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níbí. Gloriosa superba ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ìtàkùn ni, òdòdó rẹ̀ pupa mọ́ ìyeyè bí ahọ́n iná. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n apànìyàn ni. Ní India àti Sri Lanka, àwọn èèyàn ti wú iṣu rẹ̀, wọ́n rò pé iṣu tó ṣeé jẹ ni, wọ́n sè é, ó sì pa wọ́n. Èròjà kan náà tó ń wo àtàǹpàkò sàn ló ṣekú pa wọ́n. Ohun tó wà láàárín ìwòsàn àti ikú ni ìwọ̀n, ìwọ̀n yìí gan-an ni a kì í rí nínú ìgò agbo.

Oògùn tó ń dín uric acid fúnra rẹ̀ kù kò ti inú ewé wá. Gertrude Elion àti George Hitchings ló ṣe é ní Amẹ́ríkà: allopurinol, tó ń dí xanthine oxidase lọ́nà kí ara má bàa ṣe pàǹtí náà jù. Wọ́n fọwọ́ sí i níbẹ̀ ní 1966, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Oògùn náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ara àwọn kan kò gbà á, ó lè bó awọ wọn bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. Ìdí kan nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kárí ayé fi ń já ewé tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ tí wọ́n ń wò ó, bóyá ọ̀kan nínú wọn á lè dí ẹ́ńsáìmù yẹn láìṣe ara ní jàǹbá.

Inú ife kékeré ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á po xanthine oxidase mọ́ ohun tó ń tú palẹ̀, wọ́n á kán omi ewé sí i, wọ́n á sì wò ó bóyá iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà falẹ̀. Ewé tó yege ìdánwò yìí pọ̀ lọ jàra, ìròyìn rẹ̀ ló sì máa ń jáde pé wọ́n ti rí ewé tó ń wo gout. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ẹni tó bá ti gé kajú tí kò pọ́n jẹ mọ bó ṣe ń fa ẹnu mọ́ra. Tannin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wà nínú àìmọye ewé àti èèpo igi. Tannin ń lẹ̀ mọ́ èròjà amáradàgbà èyíkéyìí tó bá pàdé. Nínú ife, á lẹ̀ mọ́ xanthine oxidase, á jọ pé oògùn ńlá la rí. Nínú ikùn, ohun mìíràn ló máa lẹ̀ mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì máa wọnú ẹ̀jẹ̀.

Eku ló tẹ̀ lé ife. Eku ní uricase tí èèyàn ò ní, nítorí náà uric acid kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ á kọ́kọ́ fún un ní kẹ́míkà tó ń pa iṣẹ́ uricase náà kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lè dà bíi tèèyàn fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n tó wá fún un ní ewé mu. Ọ̀nà yìí ni Murugaiyah àti Chan, onímọ̀ méjì ní Universiti Sains Malaysia, fi rí i pé Phyllanthus niruri ń mú uric acid inú eku wálẹ̀. Ọmọ ìyá ewé yìí ni ẹ̀yìn-olóbe tiwa, ewé kékeré tó ń hù lẹ́bàá ògiri àti lórí ààtàn, tí èso rẹ̀ tò bí ìlẹ̀kẹ̀ sábẹ́ ewé. Kò sí alágbo tí kò mọ̀ ọ́n. Inú ewéko náà ni wọ́n ti rí èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, èyí sì ju ọ̀rọ̀ tannin lọ.

Tó bá wá kan èèyàn, ọ̀nà dá. Ìsápá, tí à ń fi òdòdó rẹ̀ ṣe zobo, wà lára àwọn tó dé ibẹ̀. Ní Thailand, wọ́n fún èèyàn 18 ní ìsápá gbígbẹ tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná, ife méjì lóòjọ́ fún ọjọ́ 15. Àwọn mẹ́sàn-án ní òkúta kíndìnrín rí, àwọn mẹ́sàn-án kò ní. Àbájáde rẹ̀, tó jáde ní 2008, fi hàn pé uric acid tó ń bá ìtọ̀ wọn jáde pọ̀ sí i. Ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin 22 tí uric acid wọn ti ń ga díẹ̀ lo quercetin, èròjà kan tó pọ̀ nínú àlùbọ́sà pupa, mílígíráàmù 500 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Uric acid wọn wálẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tẹ ìyẹn jáde ní 2016. Èèyàn 18 àti èèyàn 22 kò tó láti fi ṣe ẹ̀rí fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ìrètí ni, kò sì yẹ ká fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ẹni tó bá wá tìtorí èyí sáré lọ ra zobo, kó rántí pé omi ìsápá lásán ni wọ́n mu ní Thailand. Zobo inú ike tó dùn bí oyin, ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Bí ṣúgà bá dénú ẹ̀dọ̀, apá kan rẹ̀ tó ń jẹ́ fructose ń mú kí ara ṣe uric acid sí i. Ohun tí ìsápá ń kó jáde, ṣúgà ń kó o padà wọlé.

Èyí tó burú ju ṣúgà lọ ni ọtí. Agbo tí wọ́n fi omi sè wà, èyí tí wọ́n rẹ sínú omidùn wà, àmọ́ ti làkúrègbé, ògógóró ni ọ̀pọ̀ ń rẹ ẹ́ sí. Wọ́n á gé egbò àti èèpo igi wẹ́wẹ́ sínú ìgò, wọ́n á da ọtí lé e títí yóò fi pọ́n bí epo, ẹni tó bá rà á á mu ṣọ́ọ̀tì kan láàárọ̀, òmíràn lálẹ́. Wọ́n gbà pé ọtí ló ń fa agbára jáde lára igi, òótọ́ sì ni, torí ọ̀pọ̀ èròjà tí omi ò lè yọ ni ọtí ń yọ. Ṣùgbọ́n bí ọtí bá wọ ẹ̀dọ̀, purine ni ẹ̀dọ̀ máa tú palẹ̀ kó tó lè rí agbára lò ó, uric acid á pọ̀ sí i. Áásìdì tí ọtí náà tún ń mú wá á sì dí kíndìnrín lọ́wọ́ kó má lè da pàǹtí náà nù. Bíà tún burú sí i, torí purine wà nínú òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ọkùnrin tí gout ń yọ lẹ́nu, tó ń mu agbo ògógóró láàárọ̀ lálẹ́, ń da epo sí iná tó fẹ́ pa. Bí gbogbo ewé inú ìgò yẹn bá tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọtí ń bà á jẹ́ lẹ́yìn wọn.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń búra pé agbo náà wò wọ́n sàn? Wọn ò purọ́. Gout tó bá dé lóru ọjọ́ kan, bí a ò tiẹ̀ fún un ní nǹkan kan, sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ agbo ní ọjọ́ kẹta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án, agbo ló máa yìn. Àmọ́ abẹ́rẹ́ inú oríkèé ò tíì lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, á padà wá, lọ́tẹ̀ yìí ó lè jẹ́ orúnkún ló máa wọ̀.

Àwọn ewéko kan tilẹ̀ wà tí ó yẹ ká yàgò fún pátápátá. Egbò kan tí àwọn ẹlẹ́wé ń pè ní akọ igún, Aristolochia ringens, wà lára ohun tí wọ́n ń lò fún oríkèé ríro. Ìdílé Aristolochia ni áásìdì kan ti wá tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní Brussels, ní Belgium, láàárín 1990 sí 1992, wọ́n ṣèèṣì fi ẹ̀yà ewéko yìí rọ́pò òmíràn nínú oògùn tí àwọn obìnrin ń lò láti tẹ́ẹ́rẹ́. Obìnrin tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni kíndìnrín wọn bà jẹ́. Kíndìnrín yìí kan náà ló yẹ kó máa da uric acid nù.

Àwọn kan ò sì ta ewé rárá, orúkọ ewé lásán ni wọ́n ń tà. Ní 2022, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa Artri King, tí wọ́n ń polówó pé ewéko ló wà nínú rẹ̀ fún oríkèé. Ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ni diclofenac àti dexamethasone tí wọn ò kọ sára páálí. Ó ń pa ìrora ní kíá lóòótọ́, ó sì ń ba inú jẹ́ níkọ̀kọ̀.

Bí ewé ṣe ń di oògùn tí a lè fọkàn tán, kò jìnnà sí wa. Ọ̀nà tó já sí Sekona gan-an ló lọ sí Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tí Abayomi Sofowora ti rí i ní nǹkan bí 1971 pé omi egbò orin ata lè dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí bó ṣe yẹ. Níbẹ̀ náà ni Anthony Elujoba ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ewé ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwádìí oògùn NIPRD ní Abuja gba agbo kan lọ́wọ́ Reverend Ogunyale, wọ́n sì sọ ọ́ di Niprisan fún fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà lọ, ohun tí ìyá àgbà mọ̀ dáadáa. Wọ́n dán an wò lára èèyàn, àwọn kan mu agbo náà, àwọn kan mu ohun tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, aláìsàn ò mọ èyí tó bọ́ sọ́wọ́ òun. Àbájáde náà jáde ní 2001, oògùn náà sì dórí àtẹ ní 2006 lábẹ́ orúkọ Nicosan. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é wọ gbèsè ní 2008, ìyẹn sì jẹ́ àdánù ńlá. Síbẹ̀, ó ti fi hàn pé agbo ilẹ̀ wa lè dúró síwájú ìdánwò.

Ohun tí ẹ̀yìn-olóbe àti ìsápá ń dúró dè nìyẹn. Ó yẹ kí ìjọba Ọ̀ṣun àti àwọn yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀, Ẹdẹ àti Òṣogbo bá àwọn ẹlẹ́wé jókòó, kí wọ́n dán àwọn ewé wọ̀nyí wò lára aláìsàn gout tó tó iye, pẹ̀lú omi, láìsí ọtí, láìsí ṣúgà, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ó tó dìgbà náà, ẹ̀yin tí àtàǹpàkò yín ti wú rí, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, torí àwọn kan nínú wọn ń gbé uric acid sókè. Òun ló máa pàrọ̀ rẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ má ṣe tìtorí agbo pa allopurinol tì. Bí ẹ bá sì fẹ́ mu agbo, ẹ ní kí wọ́n fi omi sè é, ẹ béèrè orúkọ ewé tó wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà láìtijú. Nọ́ńbà tí ẹ̀ ń wá ni uric acid tí kò tó mílígíráàmù 6 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ sì mú ìwé méjèèjì lọ han dókítà, ẹ mú un lọ han alágbo yín pẹ̀lú.